Hájíà Sàlíhà Sàlmàn, Ẹni Tó Tẹ̀lé Èéfín Wọnú Oòrùn

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1974 ni a bí Hájíà Sàlíhà ní Dichemso, ní ìlú Kumasi, lórílẹ̀-èdè Ghana. Máláàmù Sàlmàn, ọmọ Ìlọrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, ni bàbá wọn. Àmọ̀pé, tó ń ta aṣọ ní Adum, ni ìyá wọn.

Kéwú ni wọ́n kọ́kọ́ kà kí wọ́n tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama, níbi tí ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì ti wọ̀ wọ́n lọ́kàn. Ní ọdún 1997, wọ́n di òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ní yunifásítì. Ọdún tó tẹ̀lé e ni Alájì Rahim, tó ń ta rédíò, fẹ́ wọn sílé ní Santasi.

Nígbà ọyẹ́ ọdún 2014, iná ń jó igbó ní ìhà àríwá. Nígbà tí èéfín rẹ̀ fi dé Kumasi láàárọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ rùn mọ́. Hájíà rò pé ọ̀nà jíjìn ti gba agbára rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí Ìmàn, àbígbẹ̀yìn wọn, ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ní ikọ́ fée, lọ ṣeré níta. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ọmọ náà kò lè mí dáadáa mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò ní ọsibítù. Hájíà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ara wọn nìkan ni wọ́n ń dá lẹ́bi.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń bá àwọn olùwádìí lọ síbi tí igbó ti ń jó. Wọ́n á gba èéfín sínú àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, wọ́n á fi ọkọ̀ tẹ̀lé e, wọ́n á sì tún gbà á lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta. Ósóònù, afẹ́fẹ́ tí ń ha ẹ̀dọ̀fóró, kò tó nǹkan nínú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde; nínú èyí tí oòrùn ti pa ló pọ̀ sí. Ìtànṣán oòrùn ló ń fọ́ àwọn afẹ́fẹ́ inú èéfín, tí wọ́n á sì pa pọ̀ di nǹkan mìíràn, títí kan ósóònù. Etí èéfín ni èyí ti ń yá. Àárín rẹ̀ tó ṣú dùdù máa ń pẹ́ kí oòrùn tó wọ̀ ọ́.

Lọ́dọọdún nígbà ọyẹ́, Hájíà a máa lọ bẹ àwọn olùkọ́ kéwú pé bí èéfín bá wà lójú ọ̀run, kí àwọn ọmọ wà nínú ilé lọ́sàn-án. Àwọn kan fi wọ́n rẹ́rìn-ín pé èéfín tí kò rùn kò lè ṣe nǹkan. Hájíà kò bínú. Wọ́n á tún padà lọ. Ilé-kéwú mẹ́rin ló gbà níkẹyìn.

Àìsàn kíndìnrín dá wọn dùbúlẹ̀ ní ọdún 2025. Lórí ibùsùn ni wọ́n ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ìmàn nítorí ọjọ́ yẹn, ohun tí wọn kò mẹ́nu bà rí fún ọdún mọ́kànlá. Ìmàn di ọwọ́ wọn mú, ó ní, “Máámi, ẹ ò mọ̀ nígbà yẹn. Àwọn ọmọ tí ẹ ò bí ń mí dáadáa, torí pé ẹ padà mọ̀.”

Wọ́n jáde láyé ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹrin, lẹ́ni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Wọ́n fi ọkọ wọn sílẹ̀, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, Fareedah, Ìkrímà àti Ìmàn, àti ọmọọmọ kan, Ràhmà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn.

Kí Ọlọ́hun Ọba fẹ ibojì wọn, kí ilẹ̀ náà tutù fún wọn. Hájíà, ẹ sùn ire o.