Wọ́n Ní Orí Jẹ́jẹ́ Ti Dàrú

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àbíkẹ́yìn má baà sọ pé bàbá àgbà fo òun. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ohunkóhun já yín láyà o. Ara mi le, mo sì ń jẹun, má dara rẹ láàmú.

Ọ̀rọ̀ Jẹ́jẹ́, màálù ìyá rẹ, ló délẹ̀. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú tí èmi ti ń fún wàrà, kò gbà fún mi rárá. Bí mo bá ti gbé àpótí jókòó, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á fi ẹsẹ̀ gbá garawa dànù, á wá kọjú sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí àlejò. Ó ń jẹun, síbẹ̀ ó ń rù. Awakọ̀ tó ń wá kó wàrà ló lọ sọ ní ọ́fíìsì wọn, bí dókítà ẹran ṣe dé nìyẹn, ọmọbìnrin kékeré kan báyìí tó wọ bàtà rọ́bà, ó ní òun ń fura sí àrùn wèrè màálù.

Mo ní kó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kó tó pe ọmọ ọlọ́mọ ní wèrè. Ó ní inú ọpọlọ ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì dìgbà tí màálù bá kú. Mo ní tí wọ́n bá wá rí i pé orí rẹ̀ pé ńkọ́, ṣé wọ́n á dá ọpọlọ náà padà síbi tí wọ́n ti mú un? Fọ́ọ̀mù ló nà sí mi. Wọ́n bi mí bóyá Jẹ́jẹ́ ti jẹ oúnjẹ tí wọ́n lọ egungun ẹran mọ́ rí, mo ní koríko ni, àti apá ẹ̀wù mi lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n bèèrè ìdílé rẹ̀, mo kọ ọ́ pé ìyá rẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni jà títí ó fi kú, ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ́rìí bàbá rẹ̀, nítorí inú ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n ti gbé àtọ̀ rẹ̀ wá, a ò sì ríra. Níbi tí wọ́n kọ ẹni tó ni ẹran sí, orúkọ ìyá rẹ ni mo kọ.

Dókítà ní òun ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tí Jẹ́jẹ́ bá tún gbọ̀n, wọ́n á mú un lọ pa. Ọmọ mi, ọgbọ́n tán nínú mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ aṣọ iṣẹ́ ìyá rẹ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí mi ò tíì fọwọ́ kàn. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló pàdé níkùn mi. Jẹ́jẹ́ gbọ́ òórùn apá aṣọ náà, ó mí kanlẹ̀, ó dúró. Garawa kún. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, dókítà ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo màálù, ó ń wo èmi, mo rò pé ó ń ro èwo nínú àwa méjèèjì ni fọ́ọ̀mù náà tọ́ sí. Ó yọ fóònù, ó fi ń ya wá, ó ní káwọn ọ̀gá òun rí i. Mo sọ fún un pé kò dáa kí n má kí wọn, mo bá dìde, mo tẹríba fún fóònù náà nínú aṣọ ìyá rẹ.

Ó ní ó jọ pé ọ̀fọ̀ ló ṣe Jẹ́jẹ́, kì í ṣe wèrè, ṣùgbọ́n òun á ṣọ́ ọ fún ọgbọ̀n ọjọ́. Mọ́kànlá ti lọ. Wàhálà tó wà ńlẹ̀ ni pé òórùn ìyá rẹ ń tán nínú aṣọ náà, tèmi ló kù. Lánàá, ó tún gbá garawa.

Tí o bá rí owó díẹ̀ fi ránṣẹ́, mi ò ní dá a padà. Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń tọrọ gan-an ni súwẹ́tà ìyá rẹ tí o mú lọ. Mo mọ ìdí tí o fi mú un, mo sì mọ̀ pé o ò tíì fọ̀ ọ́. Nítorí Jẹ́jẹ́ ni o, kì í ṣe nítorí mi. Dì í sínú ọ̀rá, kí o so ó le.

Ọlọ́run á jẹ́ kí o pẹ́ láyé fún àwọn ọmọ rẹ. Tí o kò bá sì lè fún wa ní súwẹ́tà náà lódindi, gé apá kan fún wa, kí o fi ìyókù sọ́wọ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.