Omi Dídì tí Wọ́n Jù Nù Lẹ́sẹ̀ Ọmọ Mi

17, Òpópónà Jímọ̀ Àkànjí,
Òkókómáìkò,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
16 Oṣù Kẹta, 1992.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó,
Ilé Ìwòsàn Àlàáfíà-Tayọ̀,
Ìba.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀HÓNÚ LÓRÍ OMI GBÍGBÓNÁ TÍ Ó TÚ EGBÒ ỌMỌ MI, ÀTI NỌ́Ọ̀SÌ TÍ WỌ́N FÌYÀ JẸ NÍTORÍ ÁÌSÌ

1. Èmi ni ìyá Àrínọlá, ọmọ ọdún méje, tí páànù òrùlé gé ní ojúgun ní Ajangbadi ní ọjọ́ kẹrin oṣù kejì ọdún yìí. Dókítà yín rán an ní ojú mẹ́sàn-án. N kò ní ẹjọ́ lórí rírán náà. Aránṣọ ni mí. Mo mọ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tó mọ́ bí mo bá rí i.

2. Nígbà tí agbára abẹ́rẹ́ apàmọ̀lára, èyí tí kì í jẹ́ kí ara mọ ìrora, kúrò lára rẹ̀, ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Nọ́ọ̀sì Christiana Àyàndélé ló ní kí n fọ́ áìsì sínú ọ̀rá, kí n fi aṣọ mímọ́ wé e, kí n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ egbò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí n sì gbé e kúrò. Ó kìlọ̀ pé omi kò gbọdọ̀ kan ojú rírán, áìsì kò sì gbọdọ̀ kan ara lásán. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi dákẹ́. Ó ní kí n wá ẹ̀wà fún òun.

3. Ní ọjọ́ kejì tí a padà wá pààrọ̀ báńdéèjì, Mátírọ́ọ̀nù Abíọ́dún bá áìsì lẹ́sẹ̀ ọmọ náà. Ó já a gbà, ó jù ú sí gọ́tà. Níwájú gbogbo àwọn ìyá tó jókòó, ó bi mí pé, "Ṣé ẹja lẹ fẹ́ gbé pamọ́ ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí ẹ̀rù ń bà mí. Ìtìjú ẹ̀rín yẹn ṣì wà lára mi.

4. Ó ní òtútù ń ba egbò jẹ́, ó sì pàṣẹ kí wọ́n máa fi aṣọ tí a ki bọ omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ náà. Nọ́ọ̀sì Christiana sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, egbò tuntun ni." Mátírọ́ọ̀nù ní kó jáde. Èmi fúnra mi ni mo di ọmọ mi mú. Lọ́jọ́ kẹta, ẹsẹ̀ ti wú, òwú ti já ní ojú márùn-ún, egbò sì là. Wọ́n tún un rán. Abẹ́rẹ́ apàmọ̀lára ti tán nílé ìwòsàn yín lọ́jọ́ náà. N kò ní kọ ohun tí ọmọ mi sọ nígbà tí wọ́n ń rán an, nítorí èmi ló ń sọ ọ́ fún.

5. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n kọ̀wé sí Nọ́ọ̀sì Christiana pé ó kọjá àyè rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí yàrá fáìlì, níbi tí kò ti lè fọwọ́ kan ọmọ kankan.

6. Mo lọ bá Mátírọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kíní, ó ní ọwọ́ òun dí. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní awọ ọmọ mi ni kò dára.

7. Mo bẹ̀ yín, ẹ dá nọ́ọ̀sì náà padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọdé. Ẹ kọ ìlànà áìsì rẹ̀ sára ògiri, kí ìyá tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi lè rí i kà. Ẹ sì pe Mátírọ́ọ̀nù kó wá wí tẹnu rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kọ lẹ́tà pé ó dùn yín, ẹ má kọ ọ́ sí mi. Ọmọ náà ti mọ̀wé kà. Àrínọlá lorúkọ rẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Beatrice Ọláìtán (Ìyáàfin),
Aránṣọ.