Orúkọ Mi Tí Wọn Ò Jẹ́ Kí N Kọ

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kẹfà
Olóyin wá, ọmọ ọmọ mi tó ń ṣègbéyàwó. Ó ní èmi àti Ọ̀gá Tíṣà, ìyá bàbá rẹ̀, la máa ṣe ẹlẹ́rìí ní ọ́fíìsì ìgbéyàwó. Inú mi dùn, àfi bíi kí n fò. Èmi àti Ọ̀gá Tíṣà yìí náà la jọ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ mi fẹ́ ọmọ rẹ̀. Òun fi bírò kọ orúkọ tiẹ̀ lọ rẹrẹ. Èmi — wọ́n ti àtàǹpàkò mi bọ íǹkì. Ó na áńkáṣífù sí mi: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Ìyàwó." Pẹ̀lẹ́ yẹn ló gbé mi dé kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà.

Ọjọ́rú, 4 oṣù kẹfà
Mo kọ orúkọ mi títí bírò fi gbẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 oṣù kẹfà
Ẹ gbà mí! Olóyin pè. Wọn kì í kọ̀wé níbẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ ni. "Ẹ kàn máa tẹ àtàǹpàkò yín mọ́ gíláàsì ojú ẹ̀rọ náà ni, Màmá. Kò le rárá." Kò le! Ta ló ń wá èyí tó rọrùn? Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ẹni tí kò mọ̀wé ló ń tẹ̀ka. Ní báyìí, wọ́n ń tẹ̀ka ní báǹkì, wọ́n ń tẹ̀ka wọ ibi iṣẹ́, wọ́n ń tẹ̀ka ṣí fóònù. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń tẹ̀ka! Wọ́n ní ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Èwo ni kó wá wọ́ bí ìwọ̀ ẹja lórí tèmi?

Ọjọ́ Àìkú, 8 oṣù kẹfà
Mo ní mi ò ṣe ẹlẹ́rìí mọ́. Ìyá Olóyin ní, "Màmá, torí orúkọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, torí orúkọ.

Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù kẹfà
Olóyin sunkún lórí fóònù. Ó dáa, mo máa lọ. Mi ò ní rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 oṣù kẹfà
Akọ̀wé gbé gíláàsì síwájú wa, ó ní ẹlẹ́rìí ló ń kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ wẹẹrẹ kún inú rẹ̀ bí eèrà. Ọ̀gá Tíṣà ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì — pà! Mo ní kí lẹ tẹ̀ yẹn? Ó ní, "Ẹ̀yin náà! Ta ló ń ka nǹkan wọ̀nyẹn?"

Èmi. Mo fi awò sójú, mo bẹ̀rẹ̀ láti òkè, mò ń kà á sókè, ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ kan. Ọkọ ìyàwó ní, "Màmá, èrò wà lẹ́yìn wa o." Mo ní ó pẹ́ títí, akólòlò á pe baba. Ni gíláàsì bá ṣókùnkùn! Akọ̀wé ní mo ti pẹ́ jù, àfi ká tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ọ̀gá Tíṣà pòṣé, ó gún mi dénú.

Olóyin fa àga sún mọ́ mi. "Ẹ kà á, Màmá. Èmi gan-an ò tíì kà á."

Mo kà á dé ibi tó ní gbèsè tí ọ̀kan nínú tọkọtaya bá jẹ lẹ́yìn òní, àwọn méjèèjì ló jẹ ẹ́. Olóyin gbá ọwọ́ mi mú. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀: "O mọ̀ pé ìyẹn wà níbẹ̀?" Kò mọ̀. Akọ̀wé náà ò mọ̀.

Ọ̀gá Tíṣà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ tún ibẹ̀ yẹn kà, àna mi."

Mo tún un kà. Mi ò kánjú. Ẹ̀yìn ìyẹn ni gbogbo wa tó tẹ̀ka.