Kẹ́ẹ̀gì Mi Tó Wà Lọ́dọ̀ Rẹ

Bándélé, Àlàó, ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ láti Odígbó. Mo kí ọ kú ooru Èkó, mo kí ọ kú àìsùn, nítorí mo gbọ́ pé láti àárọ̀ títí òru fi ń jìn ni o ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Ọlọ́run tó mú ọ jáde nínú ilé yìí kò ní gbàgbé ọ̀nà tó gbé ọ gbà. Ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Kí o ṣe àmín níbẹ̀ kí o tó kà á síwájú, nítorí mo ti ṣe tèmi níbí.

Moyọ̀sọ́lá ló ń bá mi kọ ọ́, obìnrin tó ń ta káàdì ìpè nítòsí ilé wa, tó tún máa ń bá èèyàn fi iná sí fóònù. Mo ti sọ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó ṣe kọ ọ́, kó má bá mi fi oyin sí i.

Ara mi le, àfi orúnkún tí kò fẹ́ gun òkè mọ́. Ojú mi ń rí ohun tó wà nítòsí, ohun tó bá ti dé ẹnu ọ̀nà ti di òjìji. Etí mi ló ṣì wà bó ṣe wà. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Kòkó apá odò so dáadáa, ṣùgbọ́n òjò ti ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di dúdú lórí igi. Òbúkọ tí o fi orúkọ ọ̀gá rẹ pè já okùn, ó sì jẹ ẹ̀gẹ́ tí aládùúgbò wa sá sórí àpáta, ni wọn kò bá bá wa sọ̀rọ̀ mọ́ títí di ìsinsìnyí. Epo ti ń jáde ní ẹbu tí a ti ń fún un, ó pọ́n dáadáa lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n n kò rí ohun tí n ó bu tìrẹ sí. Ìyẹn ni mo ń bọ̀ wá sọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ọlọ́runníyì tí ẹ jọ ń gbé yàrá kan náà ní Èkó wá síbí fún ìrántí ìyá rẹ̀, ó sì yà wá kí mi. Nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ níta, mo rò pé ẹ jọ wá ni. Mo ti gbé ìkòkò kaná kó tó wọlé. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni. Mo bi í pé ìwọ ńkọ́. Ó ní o wà dáadáa, ó sì ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹni tó bá wà dáadáa, a kì í wo ẹsẹ̀ kí a tó sọ ọ́. Mo gba àwo ọbẹ̀ kúrò níwájú rẹ̀. Mo ní bó bá sọ òótọ́ tán, yóò jẹun.

Ó wá sọ ọ́. Ó ní àwọn òyìnbó tí ò ń ya àwòrán fún kì í fi náírà san owó iṣẹ́ rẹ, pé kírípítò, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ọwọ́ kì í kàn, ni wọ́n fi ń san án, ìwọ sì ń kó o jọ sínú àpò kan tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ó ní àpò bẹ́ẹ̀ máa ń ní àdírẹ́sì, lẹ́tà àti nọ́ńbà tó gùn bí ìlà èèrùn, tí ẹnikẹ́ni kò lè há sórí. Ṣe ni ẹ máa ń dà á kọ láti ibì kan, kí ẹ tó gbé e lẹ̀ mọ́ ibòmíràn. Ó ní o lọ gba irinṣẹ́ ìyàwòrán kan lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tí àwọn tó ni ín ń tà lówó gọbọi, olè sì ti wà nínú irinṣẹ́ náà. Olè náà kò fọ nǹkan kan, kò gbé nǹkan kan, ó kàn jókòó síbẹ̀ tó ń ṣọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí o fẹ́ kó owó náà lọ síbi tí wọn yóò ti sọ ọ́ di náírà, o da àdírẹ́sì ibẹ̀ kọ. Kí o tó gbé e lẹ̀, olè ti yọ èyí tí o mú lọ́wọ́, ó ti fi tirẹ̀ rọ́pò. Ìwọ kò mọ̀. O tẹ̀ ẹ́. Owó lọ.

Mo bi í pé ta ni a ó pè. Ó ní kò sí ẹni tí wọ́n ń pè. Mo ní báńkì ńkọ́. Ó ní kò ní báńkì. Mo ní ọba ìlú tí owó náà lọ ńkọ́. Ó ní kò ní ìlú. Mo dá àwo ọbẹ̀ padà fún un, nítorí mo rí i pé ebi ti pa á débi tí kò mọ ohun tó ń sọ mọ́.

Kò sí àdírẹ́sì tí kò ní ìlú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ ọ̀kadà lọ sí Ore. Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ṣe é ní páàkì. Bí ẹrù bá ṣìnà, ẹni tó bá rí i pé kì í ṣe tòun á dá a padà sínú mọ́tò tó ń bọ̀. Wọ́n á kó o sábẹ́ àtíbàbà Mùkáílà, ọ̀gá àwọn tó ń bá èèyàn fi ẹrù ránṣẹ́, títí ẹni tó ni ín yóò fi wá sọ ohun tí òun fi so ó lẹ́nu. Àpò iṣu mi kan lọ sí Ṣàgámù rí, ó padà láìdín. Mo rò ó pé ẹni tí owó rẹ wọ ilé rẹ̀ yóò jí láàárọ̀, yóò rí i pé òun kò ṣe iṣẹ́ tó tó bẹ́ẹ̀, yóò sì máa bi àwọn èèyàn pé ta ló ni ín.

Mo bá Mùkáílà níbẹ̀. Mo ní ẹrù ọmọ mi kan ṣìnà. Ó ní kí ni. Mo ní owó ni. Ó ní nínú kí ni. Mo ní nínú kọ̀ǹpútà. Ó ní ṣé kọ̀ǹpútà náà ló sọnù. Mo ní rárá, kọ̀ǹpútà wà nílé, ohun tó wà nínú rẹ̀ ló rìn lọ. Ó ní kí ni ọmọ fi so ó. Mo ní kò so ó. Àwọn tó ń kó ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n yára lọ wo mọ́tò tó ń lọ sí òṣùpá, pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Mo bi í bóyá ìyá rẹ̀ ló ń wà á.

Mùkáílà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n jókòó. Ó ń wo etí ìró mi, aláró yẹn tí mo máa ń ya lára rẹ̀ láti fi so ẹrù rẹ, tó ti kúrú débi pé kò bo orúnkún mọ́. Ó ní gbogbo páàkì ló mọ̀ ọ́n, pé kẹ́ẹ̀gì epo tó bá ti ní àkísà aláró lọ́rùn, tèmi ni, ì báà máa lọ, ì báà máa bọ̀. Ó wá sún mọ́ mi.

“Ìyá, ó pẹ́ tí kẹ́ẹ̀gì yín kò gba ibí padà mọ́. Ẹ fi owó yẹn sílẹ̀ ná. Ọmọ náà gan-an dà?”

Mo ní kó gbọ́ ti ẹrù tí wọ́n ní kó máa ṣọ́. Mo sì dìde. Ọlọ́kadà tó gbé mi padà ń sọ̀rọ̀ títí a fi dé Odígbó, n kò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀.

Òótọ́ ni Mùkáílà sọ. Láti ìgbà tí o ti wà ní Èkó, bí epo bá lọ, kẹ́ẹ̀gì á padà. Mo kọ́ ọ kí o tó kúrò nílé pé a kì í dá ohun èlò ẹni padà lófìfo, kó má dà bí ẹni tó jẹun tán tó nu ẹnu lọ. O gbọ́ ọ. O fi iyọ̀ sí i rí, o fi ṣúgà sí i, o fi ẹ̀pà sí i lọ́dún kan, tí mo ń gbọ̀n ọ́n jáde ní ẹyọ ẹyọ tí mo ń bú ọ. Bí ìwọ fúnra rẹ bá gbé e wá, inú yàrá ni mo ti máa ń gbọ́ ohun tó ń mì nínú rẹ̀ lórí ọ̀kadà. Kí ajá tó gbó ni mo ti mọ̀ pé ìwọ ni. Èyí tó lọ kẹ́yìn, ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ nígbà náà. Kò padà.

Moyọ̀sọ́lá gba ohùn mi sínú fóònù, ó fi ránṣẹ́ sí ọ. Ó ní ààmì kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀, pé bó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ yóò di méjì. Mo ní bóyá ó ṣì wà ní Ore tó ń dúró kí mọ́tò kún. Láràárọ̀ ni mo ń lọ bi í. Ó ti sú u, ó ní kí n má rin orúnkún mi pa, pé òun yóò ké sí mi bó bá ti di méjì. Kò tíì ké.

Ọlọ́runníyì ní ìtìjú páànù ló dè ọ́ mọ́lẹ̀, pé owó yẹn ni o fẹ́ fi pààrọ̀ òrùlé yàrá mi kí òjò tó dé, pé ò ń bi í pé ojú wo ni o fẹ́ fi wò mí. Gbọ́ mi dáadáa. Páànù yẹn ti ń jò kí wọ́n tó bí ọ. Ibì kan ló ń jò, mo sì ti sún ibùsùn, mo gbé abọ́ síbẹ̀. Òjò kò mọ̀ pé o ṣèlérí. N kò bínú, n kò sì sunkún. Ohun tí wọ́n ń tà lówó gọbọi, tí ẹnìkan wá ń pín lọ́fẹ̀ẹ́, ó yẹ kí o bi í pé ta ló bá ọ san án. O ṣe òmùgọ̀. Moyọ̀sọ́lá ní kí òun kọ “o kò fura” dípò rẹ̀. Mo ní kó kọ òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n a kì í fi òmùgọ̀ ilé ẹni sílẹ̀ sí Èkó.

Wòlíì ilé àdúrà wa ní kí n mú orúkọ olè náà wá, kí àwọn fi agogo pè é padà. Mo ní n kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó ní kí n mú àdírẹ́sì rẹ̀ wá. Mo ní àdírẹ́sì gan-an ló fi jalè. Mo ní kí wọ́n fi olè sílẹ̀, kí wọ́n pe orúkọ tìrẹ. Wọ́n sì pè é. Inú mọ́tò ni ìyá rẹ bí ọ sí lójú ọ̀nà Okitipupa, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ ní Bándélé. O kéré nígbà náà, o sì bá wa délé.

Ohun tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ nìyí. Mo fẹ́ owó iyọ̀, nítorí iyọ̀ ti wọ́n. Mo fẹ́ owó òróró tí mo fi ń ra orúnkún, àmọ́ ìyẹn lè dúró. Má fi í sínú kọ̀ǹpútà, má fi í sínú fóònù, má sì fi í ránṣẹ́ gba ọ̀dọ̀ Moyọ̀sọ́lá, nítorí mo ti mọ̀ báyìí pé owó tó bá gba inú nǹkan yẹn kọjá, ẹnìkan lè wà níbẹ̀ tí yóò yí ojú rẹ̀ sí ọ̀nà ibòmíràn. Moyọ̀sọ́lá ń wò mí, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́. Inú kẹ́ẹ̀gì mi ni kí o fi í sí. Má fi kẹ́ẹ̀gì náà rán awakọ̀, má fi rán Ọlọ́runníyì. Ìwọ ni kí o gbé e wá, kí àkísà aláró náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Epo tìrẹ wà nínú ìkòkò. N kò ní bu ú sí kẹ́ẹ̀gì ẹlòmíràn.

Ọlọ́runníyì tó ń padà sí Èkó ló mú ìwé yìí bọ̀. Mo ya lára ìró náà, mo fi so ó, kí o lè mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò pààrọ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Olè tó ṣọ́ ọ kò ní rí ọ ṣọ́ mọ́. Òógùn rẹ kò ní wọ ilé ẹlòmíràn lọ. Ibi tí o bá rán ohun rere sí ni yóò dé. Ẹsẹ̀ tí o fi jáde ni o ó fi wọlé, ọ̀nà ilé kò sì ní ṣókùnkùn sí ọ.

Bí kò bá sí owó iyọ̀, má tìtorí ìyẹn jókòó sí Èkó. Bí o bá sọ̀kalẹ̀ ní Ore, bu omi sínú kẹ́ẹ̀gì náà kí o tó gun ọ̀kadà. Kí n ṣáà ti gbọ́ pé ohun kan ń mì bọ̀ lójú ọ̀nà.

Èmi ìyá rẹ àgbà,
ní Odígbó.