Ọdún Tó Ṣófo Nínú CV Monílọ́lá

Bọ́lọ́rundúró,
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù Keje, 2026.

Monílọ́lá ọmọ mi,

Ohun mẹ́rin ni kò jẹ́ kí n fojú kan oorun láti ọjọ́ Ẹtì. Èkíní ni òjò tó pọ̀ jù fún kòkó. Èkejì ni eyín ìyá rẹ. Ẹ̀kẹta ni kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ní ó wà ní Àkúrẹ́, tí yóò ka ìwé tí o fi ń wá iṣẹ́ kí ènìyàn tó kà á. Ẹ̀kẹrin wà ní ojú ewé kejì ìwé náà, n óò dé ibẹ̀. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ò ń jẹun lásìkò? Ọlọ́run tó ń mójú tó ọ láti kékeré kò ní gbójú kúrò lára rẹ, Àmín. Àwa náà wà, àfi eyín tí mo sọ.

Má bínú sí Olúrántí ọ̀rẹ́ rẹ. O fi CV rẹ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù pé kó bá ọ wo Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀, torí pé tíṣà ni. Òun ló lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní Oǹdó tó sì gbé e wá bá mi, ó ní Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ọdún mẹ́rìnlélógún ṣe akọ̀wé lọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ kòkó wò fún ìjọba, ta ló tún mọ iṣẹ́ àyẹ̀wò jù yín lọ? Inú mi dùn. Mo wọ awò ojú mi, mo gbé àga lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ọmọ mi, ìwé náà kò kí ẹnikẹ́ni. Orúkọ rẹ ni mo kọ́kọ́ rí, ńlá ńlá, bí ẹni tó wọlé onílé tí kò kan ilẹ̀kùn. Kò sí ẹ kú iṣẹ́, kò sí orúkọ bàbá rẹ, kò sí agbo ilé tí o ti wá. Mo bá fi bírò kọ ìkíni sókè, mo sì kọ ọ́ sí abẹ́ orúkọ rẹ pé o kì í jà. Iṣẹ́ tí ò ń wá ló jẹ́ kí n kọ ìyẹn. Bí Olúrántí ṣe là á yé mi, ilé ìkọ́ṣẹ́ ni. Àwọn olùkọ́ á fún àwọn tó ń kọ́ aṣọ rírán àti oúnjẹ sísè ní máàkì, ìwọ á wá máa yẹ máàkì àwọn olùkọ́ náà wò bóyá ó tọ́. Ẹni tó ń yẹ ayẹniwò wò! Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣàìmú ìjà wá. Ọdún tí ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Ọlábọ̀dé, dá ogójì àpò kòkó padà ní Ìta-Ògbólú, dírẹ́bà tó kó o wá lé e wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì. Olúrántí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní Bàbá, ènìyàn kì í kọ ọ́ sínú CV pé òun kì í jà, wọ́n á ní ó ti jà rí.

Òun náà ló sọ ti kọ̀ǹpútà yẹn, pé tí kò bá rí àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò nínú ìpolówó iṣẹ́ náà, ó máa ju ìwé ènìyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi mo kọ orúkọ rẹ fún àdúrà, mo kọ kọ̀ǹpútà sí abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Àlùfáà kà á débẹ̀, ó wò mí, ó bi mí níwájú ìjọ pé ṣé ara kọ̀ǹpútà náà ni kò yá ni. Mo ní rárá o, ojú àánú ni a ń tọrọ fún un. Wọ́n ṣe Àmín, ṣùgbọ́n àwọn akọrin kò tíì yé fi mí rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ ní bí mo bá tún ka ìwé yẹn sókè lẹ́ẹ̀kan sí i, òun á fi wé ẹ̀pà.

Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí tí mo mọ̀. O kọ ọ́ pé iṣẹ́ rẹ níbi tí o wà báyìí ni kí o máa ṣàyẹ̀wò. Ta ni kò mọ̀? Nígbà tiwa, bí mo bá kọ ọ́ pé a yẹ kòkó wò tí mo dákẹ́ síbẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ọlábọ̀dé á ju ìwé náà lù mí. Ó fẹ́ mọ iye àpò, iye hóró tí a là, iye tó ti bu, ohun tí a sọ fún àgbẹ̀, àti bí kòkó rẹ̀ ṣe rí nígbà tó padà wá. Kọ tìrẹ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ mélòó lò ń yẹ iṣẹ́ wọn wò? Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mélòó lo mú nínú ti ẹnì kọ̀ọ̀kan? Ti olùkọ́ tuntun ńkọ́, ṣé o mú púpọ̀ sí i? Ọkùnrin tí o sọ fún mi, tó fún aṣọ tí kò fojú rí ní máàkì, báwo lo ṣe bá a sọ̀rọ̀ tó fi yí padà? Ìyẹn ni kí wọ́n rí.

Níbi tí o ti kọ ohun tí o fẹ́ràn, o kọ ìwé kíkà àti ìrìn àjò. Mo ka ìrìn àjò yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Àkúrẹ́ sí Bọ́lọ́rundúró kò tó wákàtí kan, Monílọ́lá. Àga rẹ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mi ò jẹ́ kí wọ́n gbé àpò lé e.

Mo ti dé ojú ewé kejì. Òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, torí èmi ni akọ̀wé wọn, mo sì ti lù ú sí ojú ewé kìíní kí wọ́n lè mọ̀ pé àgbà ti yẹ̀ ẹ́ wò. Mo gbé e sókè fún ìkejì, ọwọ́ mi dúró lófuurufú. Iṣẹ́ rẹ àtijọ́ parí ní oṣù Kẹta 2023. Èyí tí o wà báyìí bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 2024. Kò sí nǹkan kan láàárín wọn.

Kérésìmesì ọdún yẹn, o ní iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí o wá. Àjíǹde tó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ náà ni. Nígbà tí ìjì ṣí òrùlé ilé ìdáná, mo ránṣẹ́ sí ọ, o fi owó páánù ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì bínú pé ìkejì pẹ́. Iṣẹ́ wo, ọmọ mi? Níbo lo ti rí owó náà? Bí òjò bá ti ń rọ̀ sórí páánù yẹn báyìí, ṣe ni mo máa ń jáde síta.

Olúrántí ní kò le, pé kí o yọ orúkọ oṣù kúrò kí o fi ọdún nìkan sílẹ̀, ibẹ̀ á padé. Mo ní rárá. Mo ti rí àpò tí wọ́n fi kòkó gidi bo ẹnu èyí tó bu. Ìdí irú àpò bẹ́ẹ̀ la kọ́kọ́ ń fi irin gún wò. Kọ ohun tí o ṣe lọ́dún náà. Bó jẹ́ ọmọ aládùúgbò lo kọ́ ní ìṣirò, bó jẹ́ àìsàn lo bá jà, gbólóhùn kan tó, kó ṣáà jẹ́ òótọ́. Ǹ bá bá ọ kọ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ ọ́n. Bàbá rẹ ni mí, mi ò sì mọ̀ ọ́n.

Mi ò fẹ́ bi ọ́ lórí fóònù, torí o máa ní dáadáa lo wà; èmi fúnra mi ń bọ̀ wá bá ọ. Mi ò tíì sọ fún ìyá rẹ, awò ojú ni mo ní mo fẹ́ lọ tún ṣe ní Àkúrẹ́. Má fi owó ránṣẹ́ lóṣù yìí. Owó tí mo ń tọrọ kò ju owó ọkọ̀ ìpadà mi lọ, má sì yára fún mi. Olúwa tó rí ọ lọ́dún tí èmi kò rí ọ, òun ni yóò jókòó tì ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè ọ́ wá dáhùn ìbéèrè. Ọ̀nà rẹ kò ní dí, ẹnu rẹ kò ní wọ́.

Dúró dè mí níbi tí ọkọ̀ ti ń já èrò sílẹ̀, torí mi ò mọ ilé rẹ tuntun. Ojú ewé kejì wà lọ́wọ́ mi, òǹtẹ̀ náà á wà lápò mi. Èmi bàbá rẹ, Adélaní, yóò gbéra níbí nínú ọkọ̀ àkọ́kọ́, ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Keje yìí.