Ohùn Bàbá Mi àti Fáìlì Méjì Tí Ẹ̀ṣọ́ Kọ̀ǹpútà Fẹ̀sùn Kàn

                                        Ilé Alájà Mẹ́ta,
                                        Ẹ̀yìn Ibùdókọ̀ Ojú Irin.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹta.

Dúdúyẹmí, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń gbọ́ oògùn? Àbíkẹ́yìn rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn, àbí ó ṣì ń wọ́ ìdí kiri ilé? Ara tèmi le, ara Bàbá náà sì ń mókun sí i. Ọ̀rọ̀ wọn gan-an ló mú mi gbé kálàmù, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa lọ́sẹ̀ tó kọjá ṣì ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi.

O rántí pé Bàbá ló ń kéde ọkọ̀ ojú irin kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ohùn wọn nìkan tó láti ta èrò tó sùn lọ sórí bẹ́ǹṣì jí. Nígbà tí àwọn dókítà ní àwọn máa yọ gògóńgò wọn nítorí jẹjẹrẹ, wọ́n kọ́kọ́ gba ohùn wọn sílẹ̀. Ní báyìí, Bàbá á tẹ ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á sì fi ohùn Bàbá fúnra wọn sọ ọ́ jáde. Ó máa ń gbẹ díẹ̀ bí ohùn ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, ṣùgbọ́n ohùn bàbá mi ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀ṣọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ jórinjórin fi sínú kọ̀ǹpútà náà kí ó máa lé fáìrọ́ọ̀sì, kòkòrò àìrí tó ń ba kọ̀ǹpútà jẹ́, figbe ta. Ojú kọ̀ǹpútà pọ́n wẹ̀ẹ̀. Ó ní fáìlì méjì léwu, àwọn méjèèjì sì wà níkùn kọ̀ǹpútà gan-an, níbi tí àwọn fáìlì tó ń gbé e dúró ń gbé. Bọ́tìnnì kan wà nísàlẹ̀: pa wọ́n rẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Pa wọ́n rẹ́ kíá. Ta ló ń bá olè jíròrò?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bó bá jẹ́ onílé ni ajá ń gbó ńkọ́?"

"Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ olè mímú mọ olè jù ọ́ lọ."

Bàbá tẹ ọ̀rọ̀, kọ̀ǹpútà sì sọ̀rọ̀: "Ẹ rọra o. Wọ́n ti gé ọ̀fun kan fún mi, ẹ má gé èkejì."

A bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ ọwọ́ mi kúrò lórí bọ́tìnnì. Ìwọ náà mọ̀ mí. Mo fẹ́ mọ ohun tí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ń fi gbogbo ọjọ́ ṣe. Mo yẹ ọjọ́ tí wọ́n dé wò. Èkíní bá kọ̀ǹpútà wá látilé ẹni tó ṣe é. Èkejì wọlé lóṣù tó kọjá, lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi lọ gba géèmù kan látorí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè bí ẹni tó ń ka pákó àjà.

Mo sáré lọ wo kọ̀ǹpútà aránṣọ tó wà nísàlẹ̀ ilé wa, torí irú kan náà ni pẹ̀lú ti Bàbá. Èkíní wà níbẹ̀ jẹ́ẹ́, èkejì kò sí. Síbẹ̀ mo rò ó pé olè lè wọ aṣọ onílé. Mo bá kọ̀wé sí àwọn tó ṣe ẹ̀ṣọ́ náà. Wọ́n ní kí n fi àwọn fáìlì náà ránṣẹ́, àwọn á fèsì lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní kí n má pa ohunkóhun rẹ́, kí n kàn tì wọ́n mọ́lé, níbi tí wọn kò ti ní lè ṣiṣẹ́: èyí tí a tì mọ́lé ṣeé tú sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá pa ojúlówó rẹ́, kọ̀ǹpútà lè má dìde mọ́.

Mo kọ́kọ́ da ohùn Bàbá kọ sórí fíláàṣì. Lẹ́yìn náà mo ti èyí tó bá géèmù wọlé mọ́lé. Kò sí ohun tó yí padà. Mo ti èkíní tó bá kọ̀ǹpútà wá náà mọ́lé, mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn. Bàbá tẹ ọ̀rọ̀. Kẹ́kẹ́ pa. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Wọ́n rọra ti kọ̀ǹpútà sẹ́yìn, wọ́n sì kọjú sí fèrèsé.

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ: Màámi kò bá kọ̀ǹpútà yẹn sọ̀rọ̀ rí. Wọ́n ní ohùn tí kò ti ẹnu jáde ń ba àwọn lẹ́rù, nítorí náà ìfọwọ́júwe ni wọ́n ń bá Bàbá ṣe. Aṣọ ni wọ́n ń ká lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n jù ú sílẹ̀.

"Ẹ dá a padà fún wọn."

"Màámi, ẹ jẹ́ ká dúró de èsì lọ́la."

"Mo ní ẹ dá a padà! Ṣé báyìí ni wọ́n á ṣe dákẹ́ di ọ̀la?"

Ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Mo já kọ̀ǹpútà kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé bó bá tiẹ̀ jẹ́ olè, kó má ráyè pe ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo wá tú fáìlì kìíní sílẹ̀. Bàbá tẹ̀ ẹ́: "Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kò tíì la ẹnu tí Màámi fi dáhùn: "Baba àwọn ọmọ mi, mò ń gbọ́ yín."

A yọ́ jáde fún wọn. Títí ilẹ̀ fi ṣú la ń gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì.

Èsì dé lọ́jọ́ kejì: fáìlì kìíní kò ṣẹ̀, àṣìṣe tiwọn ni, ìrìn rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà ló jọ ti olè lójú ẹ̀ṣọ́; olè gidi lèkejì. Ẹ̀gbọ́n mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́. Ohun tí kò tíì yé mi ni bí ẹ̀ṣọ́ ṣe ń ti ìrìn lásán mọ olè. Bí o bá mọ̀ ọ́n, kọ ọ́ sí mi.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti gbogbo ilé. Bàbá ní kí n kí ọ dáadáa. Mo bi Màámi pé kí ni wọ́n ń sọ títí ilẹ̀ fi ṣú lọ́jọ́ náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní: "Bàbá yín ní iyọ̀ ọbẹ̀ mi pọ̀ jù. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ọsibítù dé ni wọ́n ti ń dì í sínú."

Èmi ni tìrẹ tí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀,
Atọpinpin.