Máàkì Tí Mo Fún Rédíò Bọ̀dá Múfú

Àpápá, Ọjọ́rú, oṣù keje, 1991

Nígbà tí mo pe ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Múfú, láti ọ́fíìsì wa ní èbúté láàárọ̀, láti yẹ rédíò inú ọkọ̀ ojú omi wọn wò, ariwo ló bo ohùn wọn. Síbẹ̀ mo kọ márùn-ún nínú márùn-ún sínú ìwé àyẹ̀wò rédíò, pé mo gbọ́ wọn ketekete. Bí gbogbo wa ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, kí ọ̀gá má baà dá ọkọ̀ dúró torí àtúnṣe rédíò.

Ìjì dé lọ́sàn-án. Mo ń pè wọ́n kí wọ́n yà sí èbúté Kirikiri, títí ohùn mi fi há. Wọn ò dáhùn. Ọlọ́run, kí ni mo ṣe yìí?

Ìyàwó wọn sáré wá láti Ajégúnlẹ̀. Ọ̀gá fi ìwé náà hàn án. "Màdáámù, ẹ fọkàn balẹ̀. Rédíò ọkọ yín dáa."

Ó kúnlẹ̀ fún mi. "Ọkọ mi, ẹ ṣé o. Ẹ bá mi pè wọ́n wálé."